Táyà Bàbá Télọ̀

Ẹsẹ̀ obìnrin náà ni télọ̀ kọ́kọ́ rí. Ọkùnrin náà gbé ọkọ̀ àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ kú fi sílẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà, ó ní kí wọ́n bá òun fi atẹ́gùn sí i, ó sì lọ ra omi. Nígbà tó dé, ẹsẹ̀ méjì tí eruku bò ti yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, atẹ́gùn ni mo ní kí ẹ fi sí i."

"Tí mo bá fi atẹ́gùn sí òkú, ṣé á jí ni?"

Obìnrin fọkanáísà náà wọ́ jáde, ọ̀rá dúdú wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tó de àwọn táyà náà kọ ojú tí nọ́ńbà wà sínú, ìdí nìyẹn tí òun fi wọ abẹ́ ọkọ̀. Nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn ló ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é.

"Ó ti wà láyé kí n tó kọ́ṣẹ́."

"Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tíì pá rárá!"

Obìnrin náà fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà. Ó sán wẹ́wẹ́ bíi gìgísẹ̀ tí kò rí ìpara. Ó wo téèpù tó wà lọ́rùn ọkùnrin náà. "Ẹ̀yin télọ̀, aṣọ tó pẹ́ nínú àpótí láìwọ̀, ibo ló ti ń ya?"

"Ibi tí a ti ká a."

"Ẹ ti dá ara yín lóhùn."

Lọ́jọ́ kejì, télọ̀ tún wá, kò gbé ọkọ̀ kankan dání. Bó ṣe di àṣà nìyẹn.

"Télọ̀, táyà wo lo gbé wá lónìí?"

"Èmi fúnra mi ni kí o yẹ̀ wò, Ẹlẹ́sẹ̀-eruku mi."

Wọ́n gbà láti fẹ́ra. Ìyá télọ̀ ní ọkọ̀ náà ni yóò gbé ìyàwó, lórí táyà tí ọkọ òun rà kí àìsàn tó dá a dúró.

"Mi ò ní wọ̀ ọ́, Mà," ni fọkanáísà wí.

"Kò tíì wọlé mi, ó ti ń tú ẹrù ọkọ mi síta! Kò sí ìgbéyàwó mọ́."

Télọ̀ kò bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ó ṣí àpótí bàbá rẹ̀, ó mú ṣòkòtò kan tí olóògbé kò wọ̀ rí, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ nà án wò, Ìyá mi."

Ó ya ní ibi tí wọ́n ti ká a. Ìyá náà dì í mú. Nígbà tó ṣe, ó mú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà pọ̀n.

"Ṣé ohun tí táyà náà fẹ́ ṣe ẹ nìyẹn?"

"Ẹ̀yin gan-an ni mo ń bẹ̀rù fún, Mà. Iwájú ọkọ̀ lẹ máa ń jókòó."

"Yọ wọ́n."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ìyá náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tuntun. Fọkanáísà ti kọ ojú nọ́ńbà síta fún un. Ìyá fi ìka tọ ọ́, ó kà á jẹ́ẹ́jẹ́: ọdún tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ni.

Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú. "Ìyàwó mi, ibí ni kí o jókòó. Ẹ̀yìn tó mi."