Gíláàsì Àlàájà Kò Rí Ẹni Tó Kúnlẹ̀

Ilẹ̀ mọ́ ní àdúgbò Adabraka. Àlàájà Làtífátù ti kírun, ó ti ká ẹní, ó sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dúró kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá kí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn láràárọ̀.

Àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní gilọkómà ló jí ìmọ́lẹ̀ ojú Àlàájà kó lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ṣọ́ọ̀bù ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ jí. Ọwọ́ lásán ló fi ń mọ iyùn yàtọ̀ sí sẹ̀gi. Ọ̀pá funfun ló sì fi ń dá rìn lọ síbẹ̀.

Gíláàsì tuntun wà lójú rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Usamah, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Dubai, ló fi ránṣẹ́. Kámẹ́rà kékeré wà lára rẹ̀ tó ń wo ọ̀nà, tí yóò sì sọ ohun tó rí sí Àlàájà létí, lóhùn òyìnbó tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Àlàájà kò kàwé, àmọ́ ẹni tó tajà ní ọjà Makola pẹ́ títí bíi tirẹ̀, òyìnbó kì í ṣe àjèjì sí i.

"Ẹ káàárọ̀, Mama. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ohùn Abena, ìyàwó Usamah, nìyẹn. Ọmọ Aṣante ni, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ rẹ̀ a máa ti àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn lójú. Àlàájà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Àníkẹ́.

Àlàájà la ẹnu láti kì í. Gíláàsì wí fún un létí pé kò sí ènìyàn níwájú rẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

"Ta ló kí mi?"

"Èmi ni, Mama."

"Ìwọ dà? Gíláàsì ní kò sí èèyàn."

"Haa! Èmi nìyí níwájú yín. Mo kúnlẹ̀."

"Àbí inú kíṣìnnì lo jókòó sí tí o ń kí mi, o wá ní o kúnlẹ̀? Torí n kò ríran?"

Abena dìde pẹ̀lú ìbínú. "Mama, aden, kí ló dé? Kí ni mo ṣe?"

Bó ti dìde báyìí, gíláàsì ní ẹnì kan wà níwájú.

"Ẹ̀n-ẹ́n! O ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nìyẹn."

Ọkàn Àlàájà dàrú. Abena kì í purọ́. Gíláàsì kò mọ Abena rí, kí ni yóò fi purọ́ mọ́ ọn? Àbí àlùjọ̀nnú ló kọ́kọ́ kí òun? Ó ka Áyátúl-Kúrísíyù, ó tún un kà. Síbẹ̀ kò yé e.

Ó jáde. Ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò fọwọ́ kàn án. Usamah ti sọ lórí fóònù pé, "Ẹ sọ ọ̀pá yẹn nù, Màmá, kí wọ́n má baà máa pè yín ní alágbe." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Àwọn tó ń tọrọ nídìí iná ojú pópó ló ń gbé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀.

Gíláàsì ní ọkùnrin kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ní ọkọ̀ dúró lápá òsì. Ó wá ní ọ̀nà mọ́. Àlàájà gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kò bá ilẹ̀.

Gọ́tà ni! Wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀ láti kó pàǹtírí inú rẹ̀. Aláàárù obìnrin kan tó ń kọjá ló ju bàsíà orí rẹ̀ sílẹ̀, tó gbá apá Àlàájà mú. Bàtà ẹsẹ̀ kan wọ inú omi dúdú lọ.

"Maame Alata, ìyá Yorùbá! Ṣé ẹ ò rí gọ́tà ni?"

"Gíláàsì ní ọ̀nà mọ́," ni Àlàájà ń wí ṣáá, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Nílé, Abena fọ orúnkún Àlàájà tó bó. "Mama, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde mọ́. Èmi á máa bá yín ṣí ṣọ́ọ̀bù."

Ọ̀rọ̀ tí Àlàájà ń bẹ̀rù jù lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá fi òun mọ́lé, ojú tó kù fún òun, ìyẹn ọwọ́ òun lára ìlẹ̀kẹ̀, yóò fọ́ pẹ̀lú. Ó bú sẹ́kún.

Abena ránṣẹ́ sí Fatawu. Fatawu náà kò ríran. Òun ló ń kọ́ àwọn afọ́jú ní ìrìn, òun ló sì kọ́ Àlàájà ní ọ̀pá lílò. Kò pẹ́ tí wọ́n gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀, lẹ́nu géètì.

"Àlàájà, mo gbọ́ pé ẹ lọ kí gọ́tà."

"Fatawu, má fi mí ṣeré. Nínú Abena àti gíláàsì, ọ̀kan ń purọ́, n kò mọ èwo ni."

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Fatawu ní, "Abena, kúnlẹ̀ síwájú Mama." Àlàájà ní gíláàsì ní kò sí ènìyàn. "Ó yá, dìde." Gíláàsì ní ẹnì kan wà. "Tún kúnlẹ̀." Kò sí ènìyàn.

Àlàájà na ọwọ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó bá gèlè Abena pàdé nítòsí orúnkún rẹ̀.

"Ó wà níbí," ni ó wí. "Láti àárọ̀ ló ti wà níbí. Àníkẹ́, má bínú."

"Àyà lọ sókè ni gíláàsì yìí ń wò," ni Fatawu wí. "Kì í wo ilẹ̀. Ẹni tó ṣe é kò mọ̀ pé àwọn kan ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ."

"Kò purọ́, nígbà náà?"

"Ohun tó rí ló sọ. Ẹ̀yin lẹ rò pé gbogbo nǹkan ló ń rí."

"Ṣé kí n dá a padà?"

"Rárá o. Ẹ̀ka igi tó rọ̀ sílẹ̀, ẹrù orí aláàárù, ọ̀pá kò lè bá yín mọ̀ wọ́n, gíláàsì á mọ̀ wọ́n. Gọ́tà, òkúta, àtẹ̀gùn, ti ọ̀pá nìyẹn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè."

"Wọ́n á pè mí ní alágbe."

"Èmi náà ń gbé ọ̀pá. Ṣé mo tọrọ owó lọ́wọ́ yín rí?"

"Owó kọ́. Tíì lo máa ń tọrọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Abena sì lọ gbé omi kaná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn kan ní, "Ẹ káàárọ̀, Mama." Gíláàsì ní kò sí ènìyàn níwájú.

Àlàájà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti kúnlẹ̀ nìyẹn." Ó na ọwọ́ sílẹ̀, ó gbé e lé orí rẹ̀:

"Àníkẹ́, ọmọ Aṣante,
Ọmọ a-fi-wúrà-ṣeré-bí-ẹni-fi-yanrìn-ṣeré,
O kúnlẹ̀, ojú ẹ̀rọ ò tó ọ,
Ọwọ́ ìyá ọkọ tó ọ.
Ọlọ́run kò ní í gbójú kúrò lára rẹ."

Ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú ọ̀pá rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá ra ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ fún ẹni yín tí kò ríran, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ má gba ọ̀pá funfun lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí ẹ̀rọ náà kì í rí kí ẹ tó béèrè ohun tó ń rí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò kọ́ ẹni náà ní lílò rẹ̀ lójú ọ̀nà tó ń rìn lójoojúmọ́, kó má fi ẹ̀rọ dí etí méjèèjì, kó sì rántí pé bátìrì lè kú lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń ríran, ẹ lọ yẹ ojú wò nílé ìwòsàn, pàápàá bí gilọkómà bá wà nínú ẹbí yín. Èyí tó bá ti jí kó kì í dá a padà. Ẹ sì dé gọ́tà tí ẹ bá ṣí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni aláàárù máa ń kọjá.