Táyà Tí Kì Í Jò

Ọjọ́ tí Jemima kọ́kọ́ rí ọkùnrin yẹn, ẹ̀rù ló bà á. Ó wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Aládé, níbi tó ti ń ta páàtì ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ológeere, ló bá rí i tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ rin gbingbin fún òógùn, ó sì ń bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo táyà yìí."

Jemima kò tètè dìde. Láti ọdún méje tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ó máa ń wo ènìyàn dáadáa kó tó dá a lóhùn. Ó wo ọwọ́. Ó wo ojú. Ọkùnrin náà á tó ẹni àádọ́ta ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ṣòkòtò péńpé tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ló wọ̀, irú èyí tí àgbàlagbà kì í wọ̀ jáde ní Aládé.

"Kí ló ń lé yín?"

"Ọ̀nà Àkúrẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Táyà jò níbi oko kòkó tó dá páropáro yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n tú u, ni ọkùnrin méjì bá yọ láti inú igbó. Wọn ò kí mi, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wò mí. Ọpẹ́lọpẹ́ ọkọ̀ kan tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó yọ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n bá padà sínú igbó."

Ta ni kò mọ̀ nípa àwọn ajínigbé? Ó fa àpótí fún un kó jókòó, ó bu omi fún un.

Olúsànmí lorúkọ rẹ̀. Tíṣà ni, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ìjọ Àgùdà ló ń lọ, ó tiẹ̀ fẹ́ di fádà nígbà kan, kí àìsàn ìyá rẹ̀ tó pè é wálé. Ó tọ́jú ìyá náà títí tó fi kú lọ́dún tó kọjá, kò sì fẹ́yàwó rí. Dókítà ló ní kó máa ṣe eré ìdárayá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ló bá ra kẹ̀kẹ́ eré, èyí tí táyà rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ méjì lọ.

"Ẹni tó fẹ́ di fádà ló wọ irú ṣòkòtò yìí?" Jemima kò mọ ìgbà tó sọ ọ́.

Olúsànmí bú sẹ́rìn-ín. "Mà, ẹ má sọ fún Bíṣọ́ọ̀bù."

Jemima tú táyà náà. Ó fi àtàǹpàkò rọra tọ inú rẹ̀ yípo, títí ohun kan fi gún un lọ́wọ́. Wáyà ni, kò nípọn ju irun lọ.

"Wáyà inú táyà tírélà nìyí. Tí táyà tírélà bá bẹ́ lójú títì, gbogbo rẹ̀ á fọ́n ká. Táyà tiyín yìí, bébà ni, Tíṣà. Kò lè dúró lọ́nà wa."

"Ẹ wá bá mi yan èyí tí kò ní jò."

Jemima gbé ọwọ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí iná jó. "Èmi kì í yan táyà fún ènìyàn. Màá kó wọn síwájú yín, ẹ ó yàn fúnra yín."

Olúsànmí ní kó kàn bá òun lẹ túùbù èyí tó jò ná.

Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí kì í yà. Nígbà míì á ra ẹ̀pà sísè wá. Nígbà míì, kò sí ohun tó fẹ́ rà, á kàn jókòó lórí àpótí, á máa fi Jemima ṣe yẹ̀yẹ́ pé àdúrà ìjọ aláṣọ funfun tí Jemima ń lọ ti gùn jù, Jemima náà á ní àwọn Àgùdà ń ka tiwọn bí ẹni tó fẹ́ lọ wọ mọ́tò. Jemima bẹ̀rẹ̀ sí í kun àtíkè láàárọ̀ Sátidé. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo títì. Tí aago mẹ́wàá bá lù tí kò rí i, kò ní lè ka owó oníbàárà tán.

Ìfẹ́ ni. Ó mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ó pe Dúpẹ́olúwa tó ń ta páàtì kẹ̀kẹ́ eré ní Àkúrẹ́, ìyẹn sì fi oríṣi táyà mẹ́ta ránṣẹ́. Jemima tò wọ́n sórí tábìlì. Àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́, ó máa ń sáré bí ẹyẹ, ṣùgbọ́n wáyà kan ṣoṣo ti tó láti gún un já. Ìkejì ní aṣọ líle kan lábẹ́ ojú rẹ̀ tí wáyà kì í tètè gún já. Ìkẹta kò ní túùbù, kò gba atẹ́gùn, rọ́bà ni látòkèdélẹ̀. Ìṣó gan-an kò lè ṣe é ní nǹkan kan.

"Ìyá Tóyọ̀sí," Olúsànmí ní, orúkọ ọmọ rẹ̀ ló fi pè é, "ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ yàn án. Ẹni tó ń ro ire sí mi ni kó yan ohun tí màá gùn."

Jemima fẹ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe wo ojú ọkùnrin náà, igbó kòkó yẹn ló rí, àti ọkùnrin méjì tí wọn kò sọ̀rọ̀. Tí táyà kò bá jò, kò ní dúró. Tí kò bá dúró, wọn kò ní rí i mú. Ó nawọ́ sí ìkẹta.

Ohun kan wà tí kò sọ. Dúpẹ́olúwa ti kìlọ̀ fún un lórí fóònù pé, "Ẹ sọ fún un o, táyà yẹn kì í di ilẹ̀ mú tí títì bá tutù." Jemima gbọ́ ọ yékéyéké. Ṣùgbọ́n ó rò pé tí òun bá sọ ọ́, Olúsànmí á mú òmíràn. Ó gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó fi irin méjì bá rọ́bà líle yẹn jà títí tó fi wọ rímù. Ìbẹ̀rù ejò kan kò jẹ́ kó rí ejò kejì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, òjò rọ̀ mọ́jú. Lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta, omi ṣì ń ṣàn bọ̀ láti orí àpáta, ó ń gba ojú títì kọjá. David ọlọ́kadà ló sáré dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá Tóyọ̀sí, Tíṣà yín ti ṣubú o! Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kẹ̀kẹ́ kàn yọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni, bí ẹni tẹ ilá. Wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ gun ọ̀kadà, ká lọ!"

Jemima wo ọ̀kadà náà, kò lè gùn ún. Ẹsẹ̀ ló fi sáré dé ilé ìwòsàn, kò wọ bàtà.

Eegun èjìká Olúsànmí ti ṣẹ́. Jemima kò lè wọlé bá a, nítorí obìnrin kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ga, ó wọ gíláàsì. Bernadette ni, ẹ̀gbọ́n Olúsànmí, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní Àkúrẹ́.

"Ìwọ lo ta táyà yẹn fún un?"

"Èmi ni, mà." Jemima kúnlẹ̀.

"Dìde. Mi ò wá bá ọ jà. Wọ́n ní ọ̀nà yìí náà ni ọkọ rẹ kú sí. Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àbúrò kan ṣoṣo tí mo ní nìyí. Èmi kì í gba ọ̀rọ̀ orí burúkú gbọ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, fi í sílẹ̀. Mi ò fẹ́ sin ín."

Jemima padà sílé, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó pa fóònù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, tí kẹ̀kẹ́ bá kọjá, á sá kúrò lójú fèrèsé. Ojúmọ́ tó mọ́, ẹ̀rù ló fi ń jí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó gbọ́ tí ẹnìkan jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ìyá Tóyọ̀sí, èmi ni. Mi ò ní lọ. Ọwọ́ kan ni mo ní báyìí, mi ò lè fi kan ilẹ̀kùn títí, nítorí náà ẹ ṣí i."

Ó ṣí i. Wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́rùn, ó ti rù. Omi bọ́ lójú Jemima.

"Tíṣà, ẹ má sọ̀rọ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ̀rù tó tún dì mí lẹ́nu. Akínlẹ́yẹ ọkọ mi, èmi ni mo yan táyà tó pa á. Ọ̀kadà ló ń gùn. Táyà tuntun kan ló kù lọ́jọ́ náà, mo ti ṣèlérí rẹ̀ fún oníbàárà. Mo fún ọkọ mi ní tòkunbọ̀. Mo ní kó máa lò ó títí ọjà á fi dé. Ó bẹ́ lórí eré. Kò sẹ́ni tí mo sọ fún rí, Tóyọ̀sí pàápàá kò mọ̀. Tiyín náà ńkọ́? Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé táyà yẹn á yọ̀ nínú omi. Mo gbọ́. Mi ò sọ fún yín."

Olúsànmí kọjú sí títì, Jemima rò pé á dìde lọ ni.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?" Inú ń bí i, ohùn rẹ̀ fi hàn.

"Ẹ̀rù ni. Mo rò pé tí ẹ kò bá ti dúró lójú ọ̀nà, ẹ ó máa padà wá sọ́dọ̀ mi."

Olúsànmí fi ọwọ́ kan nu ojú. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ yan òmíràn fún mi."

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí mo wí ni?"

"Mo gbọ́ ọ. Ẹni tó mọ ohun tí àṣìṣe ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn ni mo fẹ́ kó yàn án. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún mi."

Jemima gbé ìkejì nínú táyà mẹ́ta yẹn wá. "Eléyìí wúwo díẹ̀. Ẹ ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó gun òkè. Ó máa ń di ilẹ̀ mú nínú omi. Wáyà kì í tètè gún un. Ṣùgbọ́n ó lè jò, Tíṣà. Mo ń sọ fún yín, ó lè jò."

"Tó bá wá jò ńkọ́?"

"Ẹ pè mí. Màá wá."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ ohun tó sọ. Ó ti di ọdún méje tí kò gun ohunkóhun kọjá Aládé. Olúsànmí náà mọ̀, kò rẹ́rìn-ín.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà tí eegun rẹ̀ jinná, lọ́jọ́ Sátidé kan, fóònù dún.

"Jemima." Kò pè é ní Ìyá Tóyọ̀sí. "Ó jò. Mo wà níbi oko kòkó yẹn. Mo ní túùbù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èjìká mi kò tíì lágbára láti fa táyà yìí kúrò. Tí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, má wá. Màá máa tì í bọ̀."

Ẹ̀rù ń bà á. Ó mú irin méjì àti pọ́ǹpù, ó pe David. Kó tó gun ọ̀kadà, ó tẹ táyà iwájú, ó tẹ tẹ̀yìn, ó tún padà tẹ tiwájú.

"Ìyá Tóyọ̀sí, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?"

"Rọra sáré, David. Tó o bá sá eré àsápajúdé, màá bẹ́ sílẹ̀."

Ó gùn ún. Ó di ẹ̀wù David mú débi pé bọ́tìnì kan já. Ó pa ojú dé, ó ń ka Sáàmù lẹ́sẹẹsẹ, títí tí David fi dúró.

Olúsànmí dúró lójú ọ̀nà, ó kọjú sí igbó. Jemima bẹ̀rẹ̀, ó ti irin bọ táyà, ó fi àtàǹpàkò tọ inú rẹ̀ yípo, ó yọ wáyà kan. Igbó pa lọ́lọ́. Ewé kan já, gbogbo wọn wẹ̀yìn.

"Jemima, fẹ́ mi."

"Níbí?"

"Ibí ni mo ti rí i pé o wá."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, olólùfẹ́ mi."

Jemima fi túùbù tuntun sínú táyà, ó fi pọ́ǹpù fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó tún fẹ́ díẹ̀ sí i. "Mo ti gbà," ó ní, kò gbé ojú sókè. "Gbé kẹ̀kẹ́ rẹ, ká kúrò níbí."

Fóònù Olúsànmí dún. Bernadette ni. Gbogbo Sátidé ló máa ń pè láti mọ̀ bóyá àbúrò òun ti délé. Olúsànmí wo orúkọ náà, ó na fóònù sí Jemima.

"Mà... Jemima ni. Táyà ló jò. Mo ti wá bá a níbí, mo ti tún un ṣe."

"Lójú ọ̀nà yẹn? Kí lo gùn débẹ̀?"

"Ọ̀kadà, mà."

Jemima gbọ́ bí Bernadette ṣe ń mí, ó mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ìyẹn náà.

"Ẹ má pẹ́ níbẹ̀ o," Bernadette ní. "Ẹ̀yin méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá ti délé, kí ìwọ fúnra rẹ pè mí."