Ìbàdí Inú Fóònù

"Dúró dáadáa, má rẹ́rìn-ín àrínjù. Aṣọ ni mo fẹ́ tà, kì í ṣe eyín."

Ìyá Tìmùtìmù ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ó gbé fóònù sókè níwájú ọmọ rẹ̀ tó dúró síwájú ilẹ̀kùn. Aránṣọ ni ìyá yìí. Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì tó fi ń géṣọ, àti dígí gígùn kan tó ti sán létí. Bàbá, tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ló kan ilẹ̀kùn yàrá náà, kò sì sí àlejò tó wọlé tí kì í fi ilẹ̀kùn yìí fọ́nnu fún. Òun náà ló sọ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Tìmùtìmù, nítorí pé láti kékeré ni ara ọmọ náà ti kún, tó sì rọ̀. Gbogbo ilé ló ń fi orúkọ náà pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tí ìyá rán fún un nítorí ayẹyẹ ìparí ọdún ilé ìwé ló wọ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ni wọ́n yàn láti sọ̀rọ̀ lórúkọ kíláàsì wọn. Ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí, kò sì sí ohun tó wù ú tó pé kí ìyá àti bàbá òun gbọ́ ọ.

Nírọ̀lẹ́, ìyá gbé àwòrán náà síta lórí fóònù kí àwọn oníbàárà lè rí i. Kò pẹ́ tí ìyìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Tìmùtìmù náà wò ó. Ojú rẹ̀ ni, aṣọ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìbàdí yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Ó tín-ín-rín bí ọrùn ìgò. Ó mọ̀ pé ìyá òun ti fi ìka fún ìbàdí náà wọlé lórí fóònù.

Ó pẹ́ tó ti ń rí àwọn ọmọge pẹ́lẹ́ńgẹ́ lórí fóònù. Ọkàn rẹ̀ máa ń fà sí wọn díẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n, kò mọ̀ wọ́n rí. Èyí yàtọ̀. Bí ìyá tó bí ni bá wo ni tán, tó ní ara ẹni ti pọ̀ jù, ta lèèyàn tún máa lọ bi? Ó dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n kò béèrè.

Nígbà tí ìyá lọ ra bọ́tìnnì, Tìmùtìmù tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, ó ń wo àwòrán nínú fóònù bàbá, ó sì rán aṣọ wọlé títí tó fi bá ti àwòrán mu. Ọmọ aránṣọ ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ara ló wá kù tí yóò bá aṣọ mu. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sá fún oúnjẹ.

"Tìmùtìmù, o ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ," bàbá ní.

"Mo ti jẹun nílé ìwé, Bàámi."

"Oúnjẹ wo ni wọ́n ń fún yín níbẹ̀ tó ń jẹ́ kí ojú jìn báyìí? Àfi bí tìmùtìmù bá fẹ́ di ẹní."

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ìyá dá a lóhùn. "Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ níwájú èrò ló ń bà á lẹ́rù."

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, Tìmùtìmù ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó fa ikùn sínú kí sípì tó gòkè. Nígbà tó dórí pèpéle, ó sọ gbólóhùn àkọ́kọ́, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó fẹ́ mí kó tó sọ èkejì, èémí ò wọlé. Ojú rẹ̀ ṣú, gbọ̀ngàn ń yí, ó sì ṣubú lulẹ̀.

Ìyá kò dúró kí ẹnikẹ́ni pè é. Ó sáré gòkè, ó yọ sísọ́ọ̀sì kékeré tó máa ń wà nínú àpò rẹ̀, ó sì la ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà. Tìmùtìmù mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìyá rí ìlà kan nínú aṣọ náà tí kì í ṣe òun ló rán an.

"Ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn?" nọ́ọ̀sì ilé ìwé bi í. Ẹkún ló fi dáhùn. Ọmọ mìíràn ni wọ́n ní kó ka ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí wọ́n délé, tó ti jẹun díẹ̀, ìyá jókòó tì í. "Ta ló ní kí o rán aṣọ yẹn wọlé?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi."

"Èmi kẹ̀?"

Ó fi àwòrán hàn wọ́n. Bàbá gba fóònù, ó wò ó títí. "Ta ló tẹ férémù ilẹ̀kùn mi?"

Lóòótọ́, níbi tí ìbàdí ti tín-ín-rín, ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn ọmọ náà ti tẹ̀ wọnú. Tìmùtìmù kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín gba ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu.

"Èmi ni," ìyá sọ jẹ́ẹ́. "Mo fẹ́ kí aṣọ gún régé ni. Aṣọ ni mo ń wò, mi ò wo ọmọ tó wà nínú ẹ̀. Fóònù ló sọ gbogbo wa dà báyìí."

"Fóònù ò níka," ni bàbá wí. "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Èmi náà rí i pé kò jẹun, mo fi ṣẹ̀fẹ̀." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé orúkọ tí mò ń pè ọ́ máa ń dùn ọ́?"

"Kì í dùn mí tẹ́lẹ̀, Bàámi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

"Ṣé kí n jáwọ́?"

Ó rò ó díẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín lọ́la."

Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kò sí ibi tí mo fẹ́ gé lára rẹ. Dárí jì mí, ọmọ mi. Bí nǹkan bá tún dùn ọ́ báyìí, má fi ebi bá ara rẹ sọ ọ́. Wá bi mí, kódà bó jẹ́ èmi ni mo ṣe é."

Ó pa àwòrán náà rẹ́ lójú wọn. Bàbá gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ti ìyá.

"Ọ̀rọ̀ tó o kọ́ sórí yẹn," ó ní, "àwa ò tíì gbọ́ ọ."

Tìmùtìmù dìde láàárín pálọ̀, nínú aṣọ ilé tó fẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀, ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìdúró. Ìyá sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwòrán kì í ṣe òṣùwọ̀n ara yín. Èèyàn ló fi ọwọ́ ṣe é. Ẹ̀yin òbí, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ojú tí ẹ bá fi wo ọmọ yín ni yóò fi wo ara rẹ̀.