Ẹ Fẹ̀sọ̀ Fa Ara Yín Sókè, Bàbá Afeefah

"Gbé e! Gbé e lọ! Ó kù díẹ̀!"

Àárọ̀ Sátidé ni, lórí pápá kan ní Dansoman, níbi tí àwọn obìnrin àdúgbò ti máa ń ṣe eré ìdárayá. Ràfíátù, Ìyá Afeefah, rọ̀ mọ́ ọ̀pá irin gíga kan. Ó fa ara rẹ̀ sókè, ó fà á, ó fà á, títí àgbọ̀n rẹ̀ fi kọjá ọ̀pá náà.

Pápá hó yèè! "Anago! Anago!" ni wọ́n ń pariwo, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá ní Accra.

Àkíbù, ọkọ rẹ̀, jókòó sínú ọkọ̀, ó ń dúró láti gbé e lọ sílé. Kò mọ ìgbà tó bẹ́ sílẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan bọ́ sọ́nà, kò bojú wẹ̀yìn.

"Ìyá Afeefah! Ṣé ìwọ nìyẹn? Ìwọ tí o máa ń ní kí n bá ẹ ṣí ìdérí ìgò?"

Ràfíátù ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ni o! Ó lé lọ́dún kan tí mo ti ń lé e."

"Ọdún kan? Ohun tó gba obìnrin lọ́dún kan, oṣù kan lọkùnrin máa fi ṣe é!"

Àkíbù kì í ṣe ọ̀lẹ. Aṣọ ló ń tà ní ọjà Makola, bí bàbá rẹ̀ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣe tà á. Kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀, ó ti pe wẹ́dà kan kó wá jó ọ̀pá irin méjì, ọ̀kan gíga, ọ̀kan kúkúrú, sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Wọ́n ti kéde ìdíje fífa ara sókè kan tí yóò wáyé létí òkun ní Jamestown. Ràfíátù ti fi orúkọ sílẹ̀; Àkíbù náà fi tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà sí ìsọ̀ rẹ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ lo ọ̀pá tó wà nísàlẹ̀," ni Ràfíátù wí. "Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín wà nílẹ̀, kí ẹ máa fa àyà yín mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni Abena tó ń kọ́ wa ti ní kí n bẹ̀rẹ̀."

"Eré ọmọdé nìyẹn."

Àárọ̀ ni, alẹ́ ni, Àkíbù ò sinmi. Ara rẹ̀ yá gágá. Ẹran apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó sì ń wo ara rẹ̀ nínú dígí bí ọkọ ìyàwó. Kí oṣù tó parí, ó ta ẹsẹ̀ bí ẹja inú àwọ̀n, ó ju ara rẹ̀ sókè, àgbọ̀n rẹ̀ sì kọjá! Igbe tó ké, àwọn aládùúgbò sáré wá wò ó.

Ràfíátù pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní, "Bàbá Afeefah, ẹsẹ̀ ló jù yín sókè, kì í ṣe apá. Ẹ fẹ̀sọ̀."

Ta ló ń gbọ́? Lọ́jọ́ kejì, ó so òrùka igi méjì rọ̀, ó fẹ́ máa fi wọ́n gbé gbogbo ara rẹ̀ rékọjá bí àwọn géńdé tó máa ń ṣeré ìdárayá létí òkun. Ibẹ̀ ni ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó fi ìpara ra á, ó wọ ẹ̀wù alápá gígùn bò ó, kò sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Mutala, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ní Makola, rí i bó ṣe ń fi apá kan ká aṣọ. Ó ki oògùn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ṣálè, ọ̀rẹ́ mi, gbé méjì mì láàárọ̀ ìdíje. O ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé o ní apá."

Àárọ̀ ìdíje dé. Àkíbù jókòó ti kókó, ẹ̀kọ mímu gbígbóná, àti àkàrà. Ó gbé ife, ó fẹ́ mu ún. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ife já bọ́, kókó ṣàn kálẹ̀.

"Kí ló ṣe apá yín?" Ràfíátù di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, Àkíbù sì pariwo. Bó ṣe fò dìde, oògùn náà jábọ́ láti inú àpò rẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni Abena wọlé. Òun ló ń kọ́ àwọn obìnrin náà lórí pápá. Ní ọsibítù, egungun àti iṣan àwọn ènìyàn ló ń tọ́jú. Ó wá pe Ràfíátù kí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ èrò tírótíró lọ sí Jamestown. Ó rí oògùn, ó rí apá, ó fa àga.

"Alhaji, ẹ di ọwọ́ yín ní ẹ̀ṣẹ́ fún mi." Èdè Tuí ló ń sọ, gbogbo ilé sì gbọ́ ọ. Àkíbù gbìyànjú, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Ẹran apá a máa yára lágbára," ni Abena wí, "nítorí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣan tó so ẹran mọ́ egungun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó ń lọ́ra. Ẹran yín ti sáré lọ, iṣan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ sì ń wọ́ ọ nílẹ̀."

"Oògùn yìí ńkọ́? Kó ṣáà gbé mi la ìdíje òní já."

"Ìrora ni ajá tó ń gbó pé olè ti wọlé. Ẹ wá fẹ́ fún ajá lóògùn oorun? Olè ò tíì lọ o! Ẹ ò tilẹ̀ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ ò mọ ẹni tó ṣe é."

"Gbogbo Makola ni mo ti sọ fún, Abena!"

"Ta nínú wọn ló máa bá yín gbé aṣọ bí iṣan yìí bá já?"

Àkíbù wo ọwọ́ rẹ̀ tí kò lè gbé ife. Ó ṣa oògùn nílẹ̀, ó kó o fún Abena. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Èmi ni n ó máa pariwo."

Ó sì pariwo! Nínú èéfín ẹja Jamestown, nígbà tí Ràfíátù gòkè lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn Àkíbù ló ga jù.

Lẹ́yìn tí apá rẹ̀ ti sinmi, tí Abena sì ní ó tó, ó bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀: ọ̀pá kúkúrú, ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ kan iṣẹ́, ọjọ́ kejì ìsinmi. Nígbà mìíràn, ọ̀sẹ̀ á kọjá láìsí ìyàtọ̀ kankan, inú á bí i.

"Ṣé ó dùn yín?" Ràfíátù á bi í.

"Rárá."

"À ń lọ nìyẹn."

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rọ̀ mọ́ ọ̀pá gíga láìsí ìrora, ó jó wọlé. Lọ́jọ́ tó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ìyẹ́, ó pe Mutala lórí fóònù kó lè ròyìn rẹ̀ fún un.

Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Ní àárọ̀ kan lórí pápá, Àkíbù di ọ̀pá mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ta. Ó gòkè, jẹ́jẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ kọjá, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń wo òrùlé Dansoman láti òkè.

"Ìyá Afeefah! N ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́!"

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ o!" Ràfíátù ń fò sókè, omijé ayọ̀ lójú rẹ̀. "Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Ẹ̀yin ará wa, eré ìdárayá dára fún ọkùnrin, ó dára fún obìnrin, ọjọ́ orí ò sì dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí agbára yín mọ, ẹ má fi ara yín wé ti ẹlòmíràn, ẹ sì jẹ́ kí ara sinmi, torí ìgbà ìsinmi ni ara ń kó agbára jọ. Bí oríkèé bá ń dùn yín tí kò lọ, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ lọ rí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní ọsibítù. Oògùn tí ọ̀rẹ́ fà yọ lápò kì í ṣe ìwòsàn. Ẹni tó bá ní sùúrù yóò dé òkè, apá rẹ̀ á sì pé.