Ẹ Jẹ́ Ká Jọ Rìn Yíká

Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà wọ̀ nígbà tí ó já jáde nínú mọ́tò rẹ̀. Èkejì ti bọ́ sábẹ́ ìjókòó nígbà tí ó tẹ bíréèkì lójijì, kò sì dúró wá a. Ó ń tiro bọ̀ lórí yanrìn gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n kankan, ó sì ń nàka sí obìnrin tó gbé ẹ̀rọ ìgékoríko kọ́ èjìká.

Moríyọ̀ ni obìnrin ọ̀hún. Ọmọ Ìjù ni, Àkúrẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, koríko gígé sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo wàhálà iṣẹ́ náà, oòrùn kọ́ ló burú jù, ejò kọ́. Ẹjọ́ ni. Ẹ̀rọ náà a máa ta òkúta, gbogbo ayé ló sì mọ̀. Bí ó bá ti dún nínú ọgbà kan báyìí, gbogbo ohun tó ti fọ́ níbẹ̀ láti ọdúnmọdún ni wọ́n á kó wá síwájú ẹni tó gbé e dání: gíláàsì fèrèsé tí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ fọ́, páìpù tó ti ń jò, ìkòkò òdòdó tí ewúrẹ́ tì ṣubú. Ìwọ lo fọ́ ọ. San án.

Ìyẹn ló mú Moríyọ̀ ṣe òfin kan fún ara rẹ̀. Kí ó tó tan ẹ̀rọ, òun àti onílé á jọ rìn yíká ọgbà. Ohunkóhun tó bá ti fọ́, wọ́n á jọ fojú rí i, onílé á sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, “Èyí ti wà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.” Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó bá jẹ́ tirẹ̀, á san án láìjiyàn. Èyí tí kì í bá ṣe tirẹ̀, kọ́bọ̀ kan kò ní jáde lápò rẹ̀, bí ilẹ̀ bá fẹ́ kó ya.

“Ṣé o rí ohun tí o ṣe?” ni ọkùnrin oníbàtà ẹsẹ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀. “Má tiẹ̀ sọ fún mi pé ìwọ kọ́. Gbogbo yín lẹ máa ń sọ pé ẹ̀yin kọ́.”

Moríyọ̀ pa ẹ̀rọ. Ó bọ́ awò ńlá ojú rẹ̀. Ó lọ síbi mọ́tò, ó wo gíláàsì ẹ̀yìn tó ti fọ́ wẹ́wẹ́, ó nawọ́ wọ inú rẹ̀, ó mú òkúta kékeré kan jáde.

“Èmi ni,” ó ní. “Ẹ má bínú, sà. Mà á san án.”

Ọkùnrin náà lanu sílẹ̀. Ó ti di gbogbo ìbínú rẹ̀ jọ, kò wá rí ibi tí yóò dà á sí.

“O ò tiẹ̀ ní jiyàn?”

“Kí ni mo fẹ́ jiyàn lé? Òkúta mi nìyí. Bàtà yín ńkọ́?”

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àfi bí ó ṣe bú sẹ́rìn-ín.

Akínlolú ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Oǹdó ni, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Alágbàká. Àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta gíláàsì mọ́tò lẹ́bàá Ọjà Ọba, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì pákó, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà sísè títí iṣẹ́ fi parí. Moríyọ̀ sanwó. Akínlolú ní kó jẹ́ káwọn pín in. Obìnrin náà wò ó bí ẹni pé ó bú òun.

Kò pẹ́ tí Akínlolú fi pè é pé kó wá gé koríko ilé tí òun háyà. Nígbà tí Moríyọ̀ dé ibẹ̀, sìmẹ́ǹtì ló tẹ́ lọ láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé.

“Koríko dà?”

“Ó ń bọ̀. Mo ti ń bomi rin ín.”

“Ẹ̀yin ọkùnrin yìí.” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. “Ó dáa. Òfin ni òfin. Ẹ jẹ́ ká jọ rìn yíká.”

Wọ́n rìn yíká. Akínlolú fi ilẹ̀kùn tó ya hàn án, ó fi táǹkì tó ń jò hàn án. Nígbà tó tán, ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. “Èyí náà, wọ́n ti já a jù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.”

“Ìyẹn kì í ṣe ara ilé,” ni Moríyọ̀ wí, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà ilé ló fi ń rẹ́rìn-ín nínú kẹ̀kẹ́.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe di ìfẹ́, títí ó fi kan kí Akínlolú mú un lọ sílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Oǹdó.

Ìyá Ìbídùnní ni wọ́n ń pe ìyá náà, orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Opó ni. Sàréè ọkọ rẹ̀ wà níwájú ilé, wọ́n fi mábù dúdú bò ó. Ìrántí ikú bàbá náà ti ń sún mọ́lé, koríko sì ti bo ọgbà. Moríyọ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá láti Àkúrẹ́, pé ẹ̀bùn tòun nìyẹn.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ rìn yíká kí n tó bẹ̀rẹ̀.”

Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀. “Rìn yíká ilé mi? Kí o máa wá àléébù? Ilé tí wọ́n gbé mi wá ní ìyàwó, ìwọ ọmọ àná lo fẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò?”

Ojú ti Moríyọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, ó tan ẹ̀rọ láìrìn yíká, nítorí kò fẹ́ kí ìyá ọkọ rò pé òun jẹ́ aláfojúdi. Nígbà tó dé ìdí sàréè, ó pa ẹ̀rọ, ó lóṣòó, ó fi ọwọ́ tu koríko ibẹ̀. Ó gbá ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ tó wà lórí mábù dànù.

Lábẹ́ ewé náà ni ó ti rí i. Mábù náà ti là láti àárín dé etí.

“Ẹ̀rọ rẹ,” ni Ìyá Ìbídùnní wí lẹ́yìn rẹ̀. “Ẹ̀rọ rẹ ti fọ́ orí ọkọ mi.”

“Màmá, ẹ̀rọ ò débí. Ọwọ́ ni mo fi tu ú.”

Wọ́n pe Bàbá Akínsànyà, àbúrò olóògbé, olórí ẹbí. Bàbá náà fi ọ̀pá tẹ ojú ibi tó là, ó mi orí. “Ọmọbìnrin, kúnlẹ̀, bẹ ìyá rẹ, kí o sì ra òmíràn. Ọ̀rọ̀ tán.”

“Bàbá, mo lè kúnlẹ̀ kí yín láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́. N kò ní sọ pé èmi ni.”

“Ó ń dá mi lóhùn,” ni Bàbá Akínsànyà sọ fún ògiri.

Moríyọ̀ yíjú sí Akínlolú. Ọkùnrin yìí ni gíláàsì rẹ̀ fọ́ lójú títì, tó sì gbọ́ “Èmi ni” láìsí ẹni tó fipá mú un sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni láyé bá mọ irú ẹni tí òun jẹ́, òun ni. Akínlolú ń wo ilẹ̀.

“Moríyọ̀ mi,” ó ní, jẹ́jẹ́, “ṣáà bẹ̀ wọ́n. Kí àlàáfíà lè wà.”

Moríyọ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó rìn jáde sí títì, ó wọ mọ́tò Àkúrẹ́. Gbogbo ọ̀nà ni inú fi ń bí i. Kì í ṣe nítorí òkúta. Bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ọn lórí nínú ẹbí yẹn, títí ayé ni yóò máa jẹ́ ìyàwó tó fọ́ sàréè bàbá ọkọ. Ọmọ tó bá bí níbẹ̀ yóò gbọ́ ọ.

Akínlolú pè, pè, kò gbé e. Ọ̀sẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí fóònù rẹ̀ tó dún pẹ̀lú nọ́ńbà tí kò mọ̀.

“Moríyọ̀, ọmọ mi.” Ìyá Ìbídùnní ni. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. “Reuben tó ń ṣe mábù ti gbé òkúta tuntun dé. Akínlolú jíṣẹ́ rẹ fún wa, owó tí o fi rán an àti ẹ̀bẹ̀ rẹ. Mo ti dárí jì ẹ́.”

Moríyọ̀ jókòó sórí gálọ́ọ̀nù epo rẹ̀.

“Màmá, ẹ ṣeun. Mò ń bọ̀.”

Ó kọ́kọ́ pe Akínlolú.

“O fi ẹnu mi tọrọ àforíjì.”

“Ìfẹ́ mi, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán ni. Owó ara mi ni mo ná.”

“Owó kọ́ ni mò ń sọ. O sọ pé èmi ni. Àwọn yẹn rò pé mo ṣe é, wọn ò mọ̀ mí. Ìwọ mọ̀ mí, o wá fi owó ra ẹ̀bi fún mi. Má pè mí ní ìfẹ́ kankan.”

Ó pa fóònù.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tó dé Oǹdó. Láti ìta ló ti ń gbọ́ ohun kan: kọ́, kọ́, kọ́. Ó ti géètì, ó ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu, pé, “Màmá, mo wá gba ẹ̀bẹ̀ mi padà.” Kò rí i sọ.

Ìyá Ìbídùnní jókòó sí etí sàréè, igbá ẹkùrọ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ẹkùrọ́ kan lé orí mábù, ó fi ọmọlọ lù ú, kọ́, ó mú ọmọ inú rẹ̀ jù sínú igbá, ó sì ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè Oǹdó, nípa ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì, nípa ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Òkúta tuntun fẹ̀yìn ti ògiri.

Ó gbójú sókè. Ọmọlọ náà dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá náà ló kọ́kọ́ bínú. “Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń wọ ilé onílé?”

“Mo wá gba ẹ̀bẹ̀ mi padà, Màmá. N kò rán an sí yín.”

Ìyá náà wo ẹkùrọ́, ó wo ibi tó là. Èjìká rẹ̀ rọ̀.

“Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti máa ń fọ́ ẹkùrọ́ nígbà tó wà láyé,” ó ní. “Ó ní bí òun ò bá gbọ́ ọ, oúnjẹ alẹ́ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun òun. Ó kú tán, ibo ni kí n lọ máa fọ́ ọ? Lọ́jọ́ kan, mo fi agbára lù ú jù. Mo gbọ́ ọ tó dún bí egungun tó kán. Mo fi ewé bò ó. Akínsànyà ti ń wá ohun tí yóò fi sọ pé n kò mọyì ẹ̀gbọ́n òun, ọjọ́ ti pẹ́. Kí ni kí n wí fún un? Pé mò ń fọ́ ẹkùrọ́ lórí ọkọ mi?”

“Ẹ wá gbé e lé mi lórí.”

“Mo gbé e lé ẹ lórí.”

“Ẹ sì dárí jì mí.”

“Mo sì dárí jì ẹ́,” ni ìyá náà wí, ojú tì í.

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀rín, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí Moríyọ̀ jù. Ó jókòó sí etí sàréè lápá kejì. Ó nawọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èèpo ẹkùrọ́ kúrò lórí mábù.

“Mo lè lọ sọ fún gbogbo ẹbí,” ó ní.

“O lè lọ sọ.”

“N kò ní sọ. Ẹnu yín ni yóò ti jáde, tàbí kó má jáde rárá.”

“Wá síbi ìrántí,” ni ìyá náà wí.

Moríyọ̀ lọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹnu géètì ló dúró sí. Nígbà tí àlùfáà ti gbàdúrà tán, Reuben àti àwọn bíríkìlà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti gbé òkúta tuntun. Ìyá Ìbídùnní gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ gbé e sílẹ̀. Ọmọ yìí kọ́ ló fọ́ ọ. Èmi ni. Ẹkùrọ́ ni mo fi fọ́ ọ, mo sì purọ́ mọ́ ọn. Akínsànyà, bí o bá ní ọ̀rọ̀, èmi ni kí o sọ ọ́ sí.”

Bàbá Akínsànyà wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo sàréè, ó wá àga jókòó.

Akínlolú ń bọ̀ lọ́nà géètì. Ó ti rù. Ó dúró níwájú Moríyọ̀ bí ẹni tó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan.

“Bí Màmá ò bá tiẹ̀ jẹ́wọ́ rárá,” ó ní, “ó yẹ kí n ti sọ pé ìwọ kọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Mo dákẹ́.”

“O dákẹ́.”

“Ṣé a lè jọ rìn yíká?”

“Mo ti gé koríko ilé yìí.”

“Kì í ṣe ilé.”

Moríyọ̀ kọ́kọ́ dúró gbọin. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ẹsẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ.

“Mo máa ń bẹ̀rù Màmá,” ni Akínlolú wí. “Ó ti wà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.”

“Mo rí i.”

“Bí ìjà bá dé, owó ni mo máa ń kọ́kọ́ fi dí i lẹ́nu. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.”

“Ìyẹn, wàá tún un ṣe.”

“Mà á tún un ṣe. Mo sì máa ń hanrun.”

“O ò sọ ìyẹn fún mi nígbà tí a wà lórí bẹ́ǹṣì.” Wọ́n ti dé ìdí kànga. Moríyọ̀ dúró. “Èmi náà. Bí inú bá bí mi, ó máa ń pẹ́ kó tó lọ. Kò tíì lọ báyìí.”

“Mo rí i.”

“Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu mi sọ ohun tí n kò sọ mọ́. Títí kan ìwọ.”

“Láéláé. Moríyọ̀, ṣé wàá fẹ́ mi?”

Ó wo ojú rẹ̀ fínnífínní, bí ó ti máa ń wo ọgbà tí kò tíì wọ̀ rí.

“Ó dáa,” ó ní. “A lè tan ẹ̀rọ báyìí.”

Kí òjò ọdún náà tó dá, wọ́n ti so wọ́n pọ̀ ní Oǹdó. Wọn ò pààrọ̀ mábù tó là. Òkúta tuntun ni wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìyá Ìbídùnní sì ń fọ́ ẹkùrọ́ lórí rẹ̀ nírọ̀lẹ́, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti lè máa gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí ìyàwó wọlé, ìyá náà ló wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fà á lọ́wọ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé kí ó tó jẹ́ kó wọ yàrá.

“Kọ́kọ́ wá,” ó ní. “Wo ilẹ̀kùn ilé ìdáná yìí, ó ti ya tẹ́lẹ̀. Wo ìkòkò omi yìí. N kò fẹ́ ẹjọ́.”