Bàtà Díákónì

Oòrùn ọ̀sán ọjọ́ Sunday ti mú kí ọ̀dà títì Challenge máa rọ̀, síbẹ̀ ọkùnrin aláṣọ funfun kan ń fẹsẹ̀ lásán rìn lórí rẹ̀, ó tún ń kọrin. Tinúkẹ́ dá mọ́tò dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ò jó yín ni?"

"Ó ń jó mi. Ṣé ẹ fẹ́ pọ̀n mí ni?"

Ẹ̀rín pa Tinúkẹ́. Ó gbé ọkùnrin náà, Ìdòwú, délé, nígbà tó sì máa fi di oṣù mẹ́fà, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Bàbá Tinúkẹ́, díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Adéwọlé, fárígá. "Aláṣọ funfun? Ìyẹn náà ń jẹ́ onígbàgbọ́? Àfi kó wá tún ìrìbọmi ṣe lọ́dọ̀ wa. Èmi ò sì ní bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wọn láéláé!"

"Wọ́n ti rì í bọmi, Dádì. Àbí omi tiwọn ò tutù tó?"

Àlàájà Hamidat, aládùúgbò wọn, yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ̀yin onígbàgbọ́, wàlàhí, ẹ yà mí lẹ́nu. Jésù mélòó lẹ ní gan-an?"

Díákónì pa fèrèsé dé.

Ìdòwú fẹ́ gbà. "Olólùfẹ́ mi, jẹ́ kí n kúkú ṣe é."

"Kí o lè sọ pé irọ́ ni gbogbo àdúrà ìyá ẹ? Mi ò fẹ́ ọkọ tó sẹ́ ilé ẹ̀ torí mi." Ẹ̀rù ń bà á pé bàbá òun lè kọ òun lọ́mọ, àmọ́ kò yẹhùn.

Lọ́jọ́ Oúnjẹ Olúwa, díákónì ló máa ń wẹ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú. Tinúkẹ́ mú Ìdòwú wọlé tòun ti ẹsẹ̀ eléruku, ó fi í jókòó síbẹ̀, òun náà bọ́ bàtà tirẹ̀. Ìjọ ń kùn.

Bàbá gbé báàsìn dé ọ̀dọ̀ wọn, ó dúró.

"Ẹ wẹ ẹsẹ̀ ẹ̀, Dádì," ni Tinúkẹ́ sọ sókè. "Tàbí kí ẹ da omi náà nù."

Bàbá wo àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti sán, tí ọ̀dà lẹ̀ mọ́. Ó pẹ́ kó tó kúnlẹ̀.

"Ọmọ mi," ló sọ fún Ìdòwú, "títì yìí mà jó ọ o." Omijé rẹ̀ ń kán sínú báàsìn.

Ṣọ́ọ̀ṣì Ìdòwú ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Kí àlejò tó dé, bàtà dúdú kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ti Díákónì ni. Àlàájà Hamidat bọ́ tirẹ̀ tì í.

"Díákónì, ẹ ò tíì dá mi lóhùn."

"Ọ̀kan ni, Àlàájà," ni bàbá fèsì. "Ọ̀kan ṣoṣo ni."