Kọ̀ǹpútà Tó Dákú Nínú Yàrá Ẹ̀jẹ̀

Ìyá ọmọ tuntun ti sùn mọ́jú ní mọ́ṣúárì kí wọ́n tó rántí pe oníkọ̀ǹpútà. Ìròyìn tó pẹ́ báyìí, kí ló tún fẹ́ wò sàn? Síbẹ̀, oníkọ̀ǹpútà, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, gbé àpò rẹ̀ kọ́, ó gba ilé ìwòsàn lọ.

Kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ fíríìjì ẹ̀jẹ̀ lajú sílẹ̀, kò mira. Òun ló yẹ kó pariwo nígbà tí fíríìjì kọṣẹ́, kó sì ránṣẹ́ sórí fóònù Nọ́ọ̀sì Àgbà. Kò pariwo. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ìpamọ́ bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ọmọ náà dà tán níbi ìbímọ láìrí àrọ́pò.

Dókítà ti ní kí ọlọ́pàá wá mú Jẹ́jẹ́, ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n," ni Jẹ́jẹ́ ń sọ fún Nọ́ọ̀sì Àgbà. "Ẹ mọ̀ pé mi ò fọwọ́ kàn án."

"Èmi náà ò débẹ̀ o, Màmá wa," ni ọlọ́dẹ wí. "Kọ́kọ́rọ́ lásán ló wà lọ́wọ́ mi. Èmi tí mi ò mọ tẹlifíṣọ̀n ilé mi tàn!"

Bàbá Oníná, tó ń tún iná ilé ìwòsàn ṣe, fa àga fún Nọ́ọ̀sì Àgbà. "Jókòó jàre. Ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́." Ó yíjú sí oníkọ̀ǹpútà, ọmọ bíbí inú rẹ̀. "Ẹ̀rọ ti kú. Pa á, kí o tún un tàn."

"Ó dákú ni, Bàbá mi. Bí mo bá pa á, gbogbo ohun tó wà níyè rẹ̀ á parẹ́."

Ó ki wáyà bọ ihò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì ń ka iyè ẹni tó dákú láti ìta.

*Fíríìjì ń gbóná. Fíríìjì ń gbóná.*

Ìkìlọ̀ náà tò lọ jànrànjanran. Ẹnìkan ló dí ọ̀nà àbájáde. Igbe kún ẹ̀rọ nínú títí ó fi dákú. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ẹni náà fúnra rẹ̀ tẹ̀ sí Nọ́ọ̀sì Àgbà wà. Ọ̀nà tó dí ti dí mọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà, kò dé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Àgbà.

*Mo ti pa ariwo rẹ̀. Lọ sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́.*

 Oníkọ̀ǹpútà ní kí gbogbo wọn jáde, àfi bàbá rẹ̀.

"Ká ní Jẹ́jẹ́ ló kọ ọ́, 'ẹ lọ sùn' ni ì bá kọ. Ọlọ́dẹ náà bẹ́ẹ̀. Dókítà pàápàá, 'ẹ' ló ń lò fún Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ẹnìkan ṣoṣo ló lè sọ 'lọ sùn' fún wọn níbí: ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n wọn."

Bàbá Oníná wolẹ̀.

"Irọ́ ni ẹ̀rọ yẹn ń pa," ó ní. "Ojoojúmọ́ ló ń ké pé fíríìjì ń gbóná, fíríìjì ò sì gbóná. Àbúrò mi ń tòògbé lórí ìdúró. Mo ní kó sáà fojú kan oorun. Ṣé mo mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ máa sọ òótọ́ nìyẹn?"

"Ẹ ò mọ̀."

"Pa á, ọmọ mi. Òkú ò ní torí ẹ̀ jí."

"Kò ní jí lóòótọ́."

"Jẹ́jẹ́ ṣì kéré. Á ṣẹ̀wọ̀n, á bọ́. Èmi, ibẹ̀ ni mo máa kú sí."

Ẹkún Jẹ́jẹ́ ń wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọlọ́pàá ti dé. Bàbá na ọwọ́ sí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ. Ọmọ di ọwọ́ náà mú.

"Bàbá mi, mi ò ní pa á. Ẹ̀yin ni mo máa dárúkọ."